Mo Lọ sí Dagenham Lọ Gba Òkúta Kan

Ẹ̀yin ará òkè àti ará ìsàlẹ̀, ẹ kú ilé. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń da ìbéèrè bò mí: ṣé lóòótọ́ ni pé òtútù ibẹ̀ ń gé etí, ṣé lóòótọ́ ni pé òyìnbó kì í kí èèyàn, àti pé kí ni mo dì sínú báàgì tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Mo ti dá àwọn kan lóhùn lójú ọ̀nà oko, mo sì ti fi ẹ̀rín lé àwọn kan lọ. Ẹ jẹ́ kí n kúkú jókòó kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà, mi ò lè máa tún ẹ̀kọ́ kan náà kọ́ kíláàsì mẹ́wàá mọ́.

Ohun tí mo torí rẹ̀ lọ, mo gbà á bọ̀. Mo sọ ọ́ ṣáájú kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Àyè tó ṣófo

Nítorí àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí ìlú ńlá, tí wọn ò mọ òkè wa ní Èkìtì, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bàbá wa bí ọmọ márùn-ún. Nígbà tó máa pín oko orí òkè fún wa, ó pín in bí gbogbo àgbà ìlú wa ṣe ń pín in, láti ṣóńṣó òkè dé ẹsẹ̀ òkè, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń ya aṣọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àpáta tirẹ̀ lókè, ó ní ilẹ̀ dúdú tirẹ̀ nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé egungun ni wọ́n fún òun, tí wọ́n fún ẹlòmíràn lẹ́ran. Bí ìpín ṣe lọ ni ebè náà ṣe lọ, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, nítorí òjò ayé ìgbà náà ní sùúrù.

Òjò ìsinsìnyí kò ní. Ó máa lọ títí ewé á fi gbẹ mọ́ igi, ọjọ́ tó bá sì padà dé, bí ẹni tó bínú kúrò nílé ló ń wọlé. Àárín ebè wa ló ń gbà, ó sì ń kó ilẹ̀ dúdú wa lọ. Igi kòkó orí òkè kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí lọ gun ọ̀kadà n'Íbàdàn, èyí lọ ṣọ́ géètì l'Ékòó. Kọ́lá ọmọ mi wà lára àwọn tó lọ.

Ìlà òkúta ló dá a padà. Kò sí ẹni tó wá kọ́ wa, àwa fúnra wa la fi ojú wa rí i pé níbi tí ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́ kan ti dábùú òkè, ilẹ̀ kò ṣí kúrò lẹ́yìn rẹ̀, isu tó sì hù níbẹ̀ tóbi ju ti gbogbo oko lọ. La bá bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta dábùú òkè, láti ìpín kan bọ́ sí ìkejì. A jí ààrò dìde, lónìí lóko tèmi, lọ́la lóko tìrẹ, bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe é, àfi pé Wasáàpù ni àwa fi ń pe ara wa jọ. A gbin ata ilẹ̀ sí àárín ìlà, a gbé ilé oyin sórí àpáta. Kọ́lá gbọ́ ìròyìn, ó padà wálé, mo fi ìpín tèmi lé e lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìpín ẹ̀gbọ́n mi àgbà, Bọ̀dá Délé, ló wà láàárín gbùngbùn, tó fara kan tèmi, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Bọ̀dá ti wà ní London. Ẹ sì mọ àṣà wa. A kì í fi òkúta dábùú ebè ẹni tó wà láàyè. Ẹni tó kú tí kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ là ń ṣe é fún, láti fi hàn pé oko rẹ̀ ti tì. Bí alààyè bá fẹ́ kí òkúta dábùú oko òun, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi gbé àkọ́kọ́. Gbogbo wa ti gbé tiwa. Ìlà wa á máa bọ̀, á máa bọ̀, á dé etí ìpín Bọ̀dá, á dúró gbagidi, á tún wá bẹ̀rẹ̀ lódìkejì, bí ẹnu ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Omi kì í ṣe òmùgọ̀. Gbogbo rẹ̀ gba ibẹ̀, ó gbẹ́ kòtò, kòtò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oko Kọ́lá láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó ń kọjá, tó ń kí olóko gbogbo ní "Ẹ kú oko o," bí wọ́n bá dé ìpín Bọ̀dá, ńṣe ni wọ́n á dákẹ́. Ta ni yóò dá wọn lóhùn?

A pè é lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kú ná, kí ẹ tó sin mí," ó sì pa á. Kọ́lá wò mí, ó ní, "Màmá, tí òjò ọdún yìí bá tún gbé ata ilẹ̀ yìí lọ, èmi ń padà s'Ékòó ni o." Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí a kàn to òkúta náà, pé báwo ni ẹni tó wà lókè òkun ṣe máa mọ̀. Mo ní èèwọ̀. Ẹni tó gbé mi pọ̀n gun òkè yẹn nígbà tí ẹsẹ̀ mi kò tíì lè gùn ún, èmi kọ́ ni màá sin ín láàyè. Mo ní n óò lọ bá a kí òjò tó dé.

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ

Tọ́lá, ọmọ Bọ̀dá, ló wá pàdé mi. Barking ni wọ́n bí i sí, bọ́ọ̀sì ló ń wà, bọ́ọ̀sì alájà méjì, ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin! Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín èrò, ó wá fi aṣọ òtútù kan bò mí tó gùn dé kókósẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ojú mi ń wá ibi gíga kan tí ó lè sinmi lé. N kò rí. Ilé nìyí, òpópónà nìyí, gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́.

Mo ní, "Tọ́lá, níbo ni òkè ìlú yín wà?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, kò sí òkè ní Barking o. It's all flat, innit. Bridge yẹn ni òkè wa."

Fúláàtì wọn kò jìnnà sí ibi tí ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn ayé àtijọ́ ti wó. Ìpìlẹ̀ òkúta nìkan ló kù, ó lọ gbọọrọ nínú koríko, àwọn èèyàn ń jókòó lé e jẹun. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Lóòótọ́, koríko ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju ti iwájú lọ. Tọ́lá ní òun ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti kékeré, òun kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Bọ̀dá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá. Egungun ìbàdí ń dà á láàmú, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ. Mo kúnlẹ̀, ó fà mí dìde, ojú àwa méjèèjì rin. Ó ní, "Ulé ńkọ́?" Ẹ ò rí i bí! Lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn, "ulé" ni ilé ṣì ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀, bí ti bàbá wa gẹ́lẹ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ẹsẹ̀ mi ti wú.

Wọ́n gbé iyán wá fún mi. Ẹ̀yin Èkìtì, ẹ dákun ẹ má bínú: inú páálí ni iyán náà ti jáde. Ìyẹ̀fun ni. Wọ́n da omi gbígbóná lé e, wọ́n rò ó, wọ́n ní iyán ni. Mo bu òkèlè kan, mo wo Bọ̀dá, Bọ̀dá wo inú abọ́ tirẹ̀. Ó ní, "Ìyà ló ń jẹ wá níbí, Fúnkẹ́." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, a sì jẹ ẹ́ tán.

Ní ti ìkíni, àwọn ará ibẹ̀ ń kí èèyàn, àmọ́ wọn kì í dúró gba èsì. Obìnrin aláwọ̀ funfun ilé kejì á ní, "You all right, love?" á sì ti rìn kọjá. Mo rò pé ó ń béèrè ni. Ní ọjọ́ kejì mo dì í lọ́wọ́ mú, mo sọ fún un bí orúnkún mi ṣe rí, bí oorun ṣe rí, bí àwọn ará ilé ṣe rí. Ó kọ́kọ́ ranjú kalẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin òun náà dúró, ó ń sọ ti orúnkún tirẹ̀ fún mi. Ẹ wí fún àwọn tó ní òyìnbó kì í kí èèyàn pé Tíṣà ti kọ́ wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yí. Bí mo bá ti dárúkọ òkè, Bọ̀dá á mú rìmóòtù, á gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Orí ògiri omi

Ní ọjọ́ Ìsinmi a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Creekmouth. Ẹ má ṣe ro ilé ìjọsìn tó ní ṣóńṣó o. Ilé ìkẹ́rù ni, láàárín ọgbà ọkọ̀ akẹ́rù àti àwọn tó ń ta irin. Ẹ bọ́ bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọ inú rẹ̀, ayé mìíràn ni: aṣọ funfun, àbẹ́là, tùràrí, àwọn ọmọ tó ń fi èdè London jà lórí ìjókòó, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá kọrin. Òtútù ilẹ̀ yẹn gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi lọ sínú agbárí. Àmọ́ nígbà tí orin gbóná, n kò rántí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, Bọ̀dá mú mi lọ sẹ́yìn àwọn ilé náà, níbi tí odò Roding ti ń wọ inú Thames. Wọ́n mọ ògiri gíga kan síbẹ̀ kí omi má bàa ya wọ ìlú. A gun àtẹ̀gùn dé orí rẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, nítorí ìbàdí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ funfun rẹ̀.

Ó ní, "Nígbà tí mo wà nílé, bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, orí òkè ni mo ń lọ gbàdúrà. Níbí, ibi tó ga jù tí mo rí nìyí."

Mo rí i pé kò sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti kòtò, mo sọ ti ata ilẹ̀, mo sọ ti Kọ́lá tó ti ń di ẹrù lọ́kàn. Kò bínú. Ó ní:

"Fúnkẹ́, nígbà tí Màmá kú, ìwé mi kò tíì pé, n kò lè wálé sin ín. Wọ́n sọ fún mi ohun tí àwọn kan wí níbi òkú. Wọ́n ní kí wọ́n ka Délé náà mọ́ òkú. Ìpín yẹn nìkan ló kù lórí ilẹ̀ ayé tó ń sọ pé mo ṣì wà. Bí ẹ bá fi òkúta dí i, kí ló kù mí kù?"

N kò mọ̀ rí pé ó dé etí rẹ̀. Mo wà níbi òkú yẹn, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, n kò sì dá ẹni tó sọ ọ́ lẹ́kun. Mo sunkún lórí ògiri náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́, ṣùgbọ́n ní ti òkúta, rárá. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀, òjò líle tí Tọ́lá tó wá fi ọkọ̀ gbé wa ní àwọn kò mọ̀ ní London tẹ́lẹ̀, pé láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ló ti ń wá bẹ́ẹ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ ṣàlàyé, mo mọ irú òjò náà dáadáa. Mo wọ ilé pẹ̀lú ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì, mo ń ro ohun tí n óò wí fún ọmọ mi.

Oko káńsù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kò ní gbà pé ẹ̀gbọ́n mi ní oko ní London. Ní Dagenham, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé àtijọ́ tí ilé ti yí ká, káńsù gé ilẹ̀ kan sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n pín in fún ẹni tó bá fẹ́ roko. Mo rí i, mo ní, "Àwọn wọ̀nyí náà ń pín bíi ti bàbá wa!" Ilẹ̀ náà dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Òkè wa yóò fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dagẹ̀rẹ̀, Bọ̀dá sì kọ ebè rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí ọmọ bàbá rẹ̀. Àlùbọ́sà ló gbìn sí i.

Ní ọjọ́ Ajé, Tọ́lá kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ó wà wá lọ síbẹ̀ kí a lọ wo ohun tí òjò ṣe. Bọ̀dá ṣí géètì, ó rìn dé ìpín rẹ̀, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n lù. Ẹnìkan ti to bíríkì dábùú ebè rẹ̀, láti etí kan dé ìkejì, ó fi pákó tì í.

"Ta ló ṣe èyí?" Ó na ọ̀pá sí bíríkì náà. "Mo ní ta ló fi òkúta dí mi? Who did this to me?"

Bàbá arúgbó kan jáde láti inú ahéré ìpín kejì, ó dé fìlà híhun, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Rashid ni wọ́n ń pè é, ará Pakísítánì, ó ti pẹ́ tí òun àti Bọ̀dá ti ń fún ara wọn ní irúgbìn. Ó ní, "Brother, èmi ni. Sorry. Òjò àná ń kó àlùbọ́sà rẹ lọ, mo mọ̀ pé o wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kàn dá omi náà dúró." Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, èmi ni mo ń yí i padà fún yín.

Èmi ni mo ṣàlàyé fún ọkùnrin náà pé lórí òkè tiwa, bí o bá fi òkúta dábùú oko ẹnìkan, ò ń wí fún un pé ó ti kú ni. Ọ̀gbẹ́ni Rashid tẹ́tí sílẹ̀, ó mi orí, ó wá jókòó lórí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù rẹ̀.

Ó ní, "Orí òkè ni wọ́n bí èmi náà sí. Bàbá mi fi ògiri òkúta gbé oko ró, ìpele lórí ìpele. Èmi àti àwọn arákùnrin mi lọ sílùú òyìnbó. Ìyá mi á pè, á ní òkúta kan ti já bọ́ ní ìpín rẹ, wá gbé e padà. Mo ní ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo ọdún ni mo ń wí bẹ́ẹ̀. Ibi ìpín tèmi ni omi gbà, tó fi kó ti gbogbo wọn lọ." Ó wo Bọ̀dá. "Brother, lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí ẹnikẹ́ni kò fi òkúta sí la fi ń mọ̀ pé olóko ti kú."

Bọ̀dá fi ọ̀pá rẹ̀ tú ilẹ̀ lẹ́yìn bíríkì náà. Ilẹ̀ dúdú ti gbá jọ síbẹ̀, ó múlẹ̀ dáadáa, àlùbọ́sà mẹ́fà méje sì dúró nínú rẹ̀ ṣánṣán. Nísàlẹ̀ bíríkì, tí omi ti lọ kí ó tó rí ìdènà, ilẹ̀ ti di pákànlẹ̀, kò sí nǹkan kan.

Ó kúnlẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, pẹ̀lú ìbàdí yẹn, Bọ̀dá kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ Dagenham. Tọ́lá sáré, "Daddy, your hip!" Kò dá a lóhùn. Ó fa bíríkì pupa kan jáde láàárín ìlà náà, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Èmi Délé, ọmọ Ògúnlẹ́yẹ, mo wà láàyè. Ọwọ́ mi ni mo fi dábùú oko mi." Ó na bíríkì náà sí mi. "Gbé e lọ. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ fi í sí."

Mo kígbe, mo jó. Ijó yìí kò ní ìlù, atẹ́gùn ni mo jó o sí. Ọ̀gbẹ́ni Rashid ń pàtẹ́wọ́, kò tilẹ̀ mọ ohun tí mo ń kọ lórin. Tọ́lá ń ya fídíò, ẹkún gbà á lójú. Ó ní, "Daddy, ṣé èmi náà lè fọwọ́ kàn án?" Bọ̀dá ní, "Ta ló máa jogún ẹ̀, tí kì í bá ṣe ìwọ?" Ó fọwọ́ kàn án.

Ní pápákọ̀ òfurufú, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń yẹ ẹrù wò tú báàgì mi, ó gbé bíríkì náà sókè. Ó béèrè ohun tó jẹ́. Mo ní, "My brother." Ó wo bíríkì, ó wò mí, ó rọra dá a padà sínú aṣọ tí mo fi wé e. Mo rò pé ó ti rí nǹkan tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn.

Òjò àkọ́kọ́

Ìyókù, ojú yín ló ṣe. Ẹ rí i bí ìlú ṣe jáde ní ọjọ́ tí mo gbé bíríkì náà gun òkè. Kọ́lá fẹ́ bá mi gbé e, mo ní kó fi mí sílẹ̀, ẹni yìí ti gbé èmi náà gun ibẹ̀ rí. Mo fi í sílẹ̀ láàárín ìpín Bọ̀dá, pupa láàárín àpáta aláwọ̀ eérú. Ààrò tẹ̀lé e. Ọjọ́ mẹ́ta la fi to òkúta. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ìlà tó ti ń dúró létí ìpín Bọ̀dá gba ibẹ̀ kọjá, ó bá ìyókù rẹ̀ pàdé.

Òjò dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìbínú rẹ̀ àtijọ́. Kọ́lá kò jẹun títí ó fi dá. A gun òkè lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wúwo. A dé ibi kòtò, omi ń ṣẹ́ láàárín òkúta, ó mọ́ gaara, kò kó ilẹ̀ kankan dání. Ata ilẹ̀ Kọ́lá dúró lórí ìlà, kò yẹ̀ ní ẹyọ kan. Kọ́lá fi gbogbo ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀ náà mú, ó ń rẹ́rìn-ín bí aṣiwèrè. Ó ní, "Màmá, mi ò lọ mọ́ o. Ibo ni mo fẹ́ máa lọ?" Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lóhùn rara.

Ó yọ fóònù, ó pe London, ó kọ ojú rẹ̀ sí bíríkì pupa náà kí Bọ̀dá lè rí i. A ń gbọ́ èémí Bọ̀dá nínú fóònù. Ìgbà yẹn ni ìyá arúgbó kan tó ń ti oko rẹ̀ bọ̀ ń kọjá lórí òkè. Ó kí èmi, ó kí Kọ́lá. Ó dé etí ìpín tí ẹnikẹ́ni kì í kí, ó rí òkúta, ó dúró, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè:

"Ẹ kú oko o!"

Láti inú fóònù ọwọ́ Kọ́lá, láti Barking, ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn.

"Òo! Mo wà lóko o!"